Ọ̀mọ̀wé àti Oníṣòwò: Bí Wọ́n Ṣe Jọ Ń Wádìí Ọkàn Oníbàárà

Abéèrè kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan tí ó yẹ kí a fi kún un. Bí ẹni tí ń béèrè ọ̀nà bá lọ bi àlejò tí òun pàápàá kò mọ ìlú, tàbí bí ó bá bi ènìyàn mẹ́wàá tí gbogbo wọn ti inú agbo ilé kan ṣoṣo jáde, ìbéèrè náà kò ní ṣàì ṣì í lọ́nà. Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè àti ẹni tí a ń bi. Ó dá lórí iṣẹ́ tí a ń pè ní ìwádìí ọjà, èyíinì ni iṣẹ́ mímọ ohun tí àwọn oníbàárà ń fẹ́, ohun tí wọn kò fẹ́, àti ìdí rẹ̀.

Obìnrin tí ń din àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà kò nílò irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ó mọ àwọn tí ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ lórúkọ. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, wọn yóò sọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí àkàrà bá kéré jù, àwọn ọmọdé pàápàá yóò kùn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọṣẹ, tí ń kó o lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlú, kò rí ojú ẹni tí ń fi ọṣẹ náà wẹ̀. Ọjà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ alágbàtà. Ó ti ọwọ́ alágbàtà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí títà bá dín kù, ó lè jẹ́ pé owó rẹ̀ ni ó wọ́n jù, ó lè jẹ́ pé òórùn rẹ̀ ni kò wu ènìyàn, ó sì lè jẹ́ pé ọṣẹ mìíràn ti dé ọjà. Bí àwọn olórí ilé iṣẹ́ náà bá kàn méfò, owó ńlá lè ṣègbé, iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Irú ènìyàn méjì ni iṣẹ́ ìwádìí yìí wà lọ́wọ́ wọn. Èkíní ni ọ̀mọ̀wé tí ó wà ní yunifásítì. Ó ní àkókò. Ó lè fi ọdún mẹ́ta yẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wò. Ó mọ ìṣirò, ó sì mọ ibi tí àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n kò ní owó tí yóò fi rán igba ènìyàn jáde lọ béèrè ọ̀rọ̀, ìwé rẹ̀ sì lè wà lórí pẹpẹ títí eruku yóò fi bò ó. Èkejì ni ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà lójú ọjà. Ó ní owó, ó ní àwọn tí yóò rán níṣẹ́, ó sì mọ àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n ọjà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà èsì tí ó bá tètè dé ni ó ń fẹ́, kì í sì í sábà fẹ́ kí ará òde yẹ ìwé òun wò. Ọ̀rọ̀ wọn dà bí ti òwe nì: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, pàápàá ní Amẹ́ríkà láti 1934 títí di 1955, kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan tí ó kan gbogbo ènìyàn: nígbà tí ọ̀mọ̀wé àti oníṣòwò bá yàgò fún ara wọn, ohùn tálákà ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù.

ÌTỌ́WÒ ỌBẸ̀

Kò sí alásè tí yóò jẹ ọbẹ̀ tán nínú ìkòkò kí ó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Díẹ̀ ni yóò bù sí àtẹ́lẹwọ́, yóò sì tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n alásè tí ó gbọ́n yóò kọ́kọ́ ro ọbẹ̀ náà pọ̀ dáradára. Bí kò bá rò ó, epo tí ó léfòó nìkan ni yóò tọ́ wò, kò sì ní mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ìkòkò.

Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú ènìyàn. Bí ìlú kan bá ní 100,000 ènìyàn, kò pọn dandan kí a bi gbogbo wọn léèrè. Bí a bá bi 1,000 péré, tí a sì yan wọ́n ní ọ̀nà tí olúkúlùkù ará ìlú fi ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú àwọn tí a ó bi, ìdáhùn wọn yóò sún mọ́ ti gbogbo ìlú. Kì í sábà fi ju nǹkan bí 3 nínú 100 lọ yàtọ̀ sí i. Gbogbo agbára iṣẹ́ náà wà nínú yíyàn yìí. Bí yíyàn kò bá tọ́, bí a tilẹ̀ bi mílíọ̀nù ènìyàn, epo òkè ọbẹ̀ ni a ṣì ń tọ́ wò.

KÁÀDÌ MÍLÍỌ̀NÙ 10

Ìwé ìròyìn kan wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Literary Digest. Láti 1916 ni ó ti máa ń fi káàdì ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn káàkiri láti béèrè ẹni tí wọn yóò dìbò fún sí ipò Ààrẹ. Ní ìdìbò márùn-ún tí ó tẹ̀ lé ara wọn, ẹni tí ó dárúkọ ni ó wọlé. Nígbà tí ó di 1936, Ààrẹ Franklin Roosevelt àti Alfred Landon, Gómìnà ìpínlẹ̀ Kansas, ni wọ́n jọ du ipò náà. Ìwé ìròyìn náà fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ènìyàn. Àwọn tí ó kọ èsì padà ju mílíọ̀nù 2 lọ. Wọ́n kà wọ́n, wọ́n sì kéde pé nǹkan bí 57 nínú 100 ni yóò jẹ́ ti Landon.

Nígbà tí wọ́n dìbò tán, Roosevelt gba nǹkan bí 61 nínú 100. Nínú ìpínlẹ̀ 48 tí ó wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, 46 ni ó mú. Landon kò rí ju Maine àti Vermont lọ. Ní 1938 ìwé ìròyìn náà kógbá sílé.

Kí ni ó fa irú ìṣubú bẹ́ẹ̀? Inú ìwé orúkọ àwọn tí ó ní tẹlifóònù àti ti àwọn tí ó ní mọ́tò ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú orúkọ tí wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sí. Àkókò ọ̀dá owó ni àkókò náà. Tálákà kò ní mọ́tò, kò sì ní tẹlifóònù. Bẹ́ẹ̀ àwọn tálákà ni ó pọ̀ jùlọ lẹ́yìn Roosevelt. Lọ́nà kejì, nínú ẹni mẹ́rin tí ó gba káàdì, nǹkan bí ẹni mẹ́ta ni kò dáhùn. Àwọn tí ó ń fẹ́ kí ìjọba yí padà ni ó sì yá lára jù láti kọ èsì. Ìwé ìròyìn náà ka èsì ju mílíọ̀nù 2 lọ, kò sì gbọ́ ohùn ará ìlú.

Ọkùnrin kan wà tí ó ti sọ ọ́ ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. George Gallup ni orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀mọ̀wé kí ó tó di oníṣòwò: ní 1928 ó gba oyè gíga ní Yunifásítì Iowa, iṣẹ́ tí ó fi gbà á sì jẹ́ nípa ọ̀nà tí a fi lè mọ apá tí àwọn ènìyàn ń kà nínú ìwé ìròyìn. Ní 1932 ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà Young & Rubicam ní New York, ní 1935 ó sì dá ilé iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Keje 1936, ó fi káàdì 3,000 péré ránṣẹ́ sí irú àwọn ènìyàn tí Literary Digest yóò bi, ó sì kéde pé ìwé ìròyìn náà yóò pe ti Landon ní nǹkan bí 56 nínú 100. Ẹ ti rí i pé 57 ni wọ́n padà pè é. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá rí èyí, wọ́n sì gbà pé ọ̀nà Gallup ni ó tọ́.

ÌMỌ̀ TÍ Ó WÀ LÓRÍ PẸPẸ

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Gallup pẹ̀lú ní àbùkù, ìdùnnú ìṣẹ́gun ni kò jẹ́ kí púpọ̀ ènìyàn rí i. Nǹkan bí 56 nínú 100 ni ó sọ pé Roosevelt yóò gbà. 61 ni ó gbà. Nítorí pé ẹni tí ó dárúkọ ni ó wọlé, díẹ̀ ni àwọn tí ó béèrè ibi tí 5 tí ó kù gbà lọ.

Ọ̀nà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọ̀ nìyí. Wọn a pín iye fún olùbéèrè kọ̀ọ̀kan: kí ó bi ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, àgbà mélòó, ọ̀dọ́ mélòó, olówó mélòó àti tálákà mélòó. Bí iye náà bá ṣáà ti pé, ẹni tí ó bá wù ú ni ó lè bi. Ọ̀nà náà yá, kò sì gba owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni olùbéèrè. Ojúlé tí ó mọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbé e lọ. Ẹni tí ó rẹ́rìn-ín sí i ni yóò bi. Yóò sì yẹra fún ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ àti ilé tí ajá ti ń gbó. Nínú àwọn tálákà pàápàá, ẹni tí ó mọ̀wé díẹ̀ tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ ni yóò mú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí ewu yìí ṣáájú. Ní oṣù Kẹfà 1934, Jerzy Neyman, onímọ̀ ìṣirò kan láti ilẹ̀ Pólàǹdì, ka ìwé kan níwájú àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mú àpẹẹrẹ wá láti Ítálì. Àwọn onímọ̀ méjì níbẹ̀ ti fi ọgbọ́n orí yan àgbègbè 29 nínú 214, wọ́n sì gbà pé 29 náà jọ gbogbo Ítálì. Nínú àwọn ohun tí wọ́n wò kí wọ́n tó yàn wọ́n, àwọn àgbègbè náà jọ ọ́ lóòótọ́; nínú àwọn ohun mìíràn, wọ́n yàtọ̀ gidigidi. Neyman fi hàn pé bí a bá ṣẹ́ kèké láti yan àwọn tí a ó bi, tí a kò fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni, a ó lè fi ìṣirò mọ bí àṣìṣe wa ti lè tóbi tó. Kèké kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Kò bẹ̀rù ajá, kò sì sá fún ẹrẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tètè gbọ́. Ní 1937 ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ pe Neyman wá sí Washington láti wá kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1940, apá kan nínú àwọn ará ìlú ni wọ́n yàn láti bi ní àwọn ìbéèrè kan dípò gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn oníwádìí ọjà kò yí padà. Ìrìnàjò ni ó ń kó owó lọ: bí kèké bá mú ilé kan tí ó jìnnà, olùbéèrè gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, bí kò bá sì bá onílé, ó gbọ́dọ̀ tún padà lọ. Báyìí ni ìmọ̀ náà wà lórí pẹpẹ fún ọdún 14, tí àwọn tí ó nílò rẹ̀ jùlọ kò sì nawọ́ mú un.

ÌPÀDÉ LÓRÍ ÒKÈ

Àwọn kan wà tí ó gbìyànjú láti so ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Harry Field, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti bá àwọn oníṣòwò ṣe iṣẹ́ ìwádìí rí, tí ó sì dá ilé iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Denver ní 1941. Ní oṣù Keje 1946, ó pe ìpàdé sí Central City, ìlú kékeré kan lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Colorado, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà láyé àtijọ́. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, àwọn oníwádìí ọjà náà sì wá. Field kò rí èso ohun tí ó gbìn, nítorí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ní 1947 wọ́n tún pàdé ní Williamstown, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ọ̀mọ̀wé àti oníṣòwò jọ wà nínú rẹ̀, tí ó sì wà títí di òní. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìdánwò fi dé.

ỌDÚN TÍ WỌ́N ṢÍ ÌWÉ SÍLẸ̀

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá 1948, Ààrẹ Harry Truman àti Thomas Dewey, Gómìnà ìpínlẹ̀ New York, du ipò Ààrẹ. Àwọn oníwádìí mẹ́ta ni òkìkí wọn kàn jùlọ. Gallup sọ pé Dewey yóò gba 49.5 nínú 100, Truman yóò sì gba 44.5. Archibald Crossley, ẹni tí ó ti ń wádìí iye àwọn tí ń gbọ́ ètò orí rédíò, sọ pé 49.9 ni ti Dewey, 44.8 ni ti Truman. Elmo Roper, tí ó ti ta ohun ọ̀ṣọ́ ní ilé ìtajà rẹ̀ ní Creston kí ó tó di oníwádìí ọjà, sọ pé 52.2 ni ti Dewey, 37.1 péré ni ti Truman. Ó dá Roper lójú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kéde ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án pé ìbò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Dewey tán. Ìwé ìròyìn kan ní Chicago kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n ka ìbò tán kí ó tó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá pé Dewey ti ṣẹ́gun Truman.

Truman ni ó wọlé, pẹ̀lú nǹkan bí 49.5 nínú 100. Nǹkan bí 45 ni Dewey gbà. Àwòrán Ààrẹ náà, tí ó na ìwé ìròyìn Chicago náà sókè tí ó ń rẹ́rìn-ín, káàkiri gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ìtìjú lọ. Ìwádìí ọjà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń jẹun. Ìdìbò jẹ́ apá kékeré nínú iṣẹ́ wọn. Bí ọ̀nà tí wọ́n fi bi ènìyàn nípa ìdìbò kò bá dára, ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́ nípa ọṣẹ, bàtà tàbí sìgá? Inú àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú kò balẹ̀, nítorí àwọn náà ń fi ìbéèrè kọ́ nípa àwùjọ, bí àwọn ènìyàn bá sì pa ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan, wọn yóò pa á mọ́ èkejì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń jẹ́ Social Science Research Council yan ìgbìmọ̀ kan. Alága rẹ̀ ni Samuel Wilks, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Princeton. Frank Stanton wà nínú ìgbìmọ̀ náà pẹ̀lú: òun ni olórí ilé iṣẹ́ rédíò CBS, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọkàn ènìyàn. Gallup, Crossley àti Roper ì bá ti ilẹ̀kùn wọn pa, kí wọ́n sì wí pé àṣírí iṣẹ́ ni. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé wọn sílẹ̀ fún àwọn tí yóò wá àṣìṣe wọn rí. Kí ọdún náà tó parí, ìgbìmọ̀ náà ti gbé àbọ̀ jáde. Ní 1949 wọ́n tẹ ìwé tí ó kún rẹ́rẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n tọ́ka sí jùlọ. Èkíní, nítorí pé àwọn olùbéèrè ni ó ń yan ẹni tí wọn yóò bi, àwọn tí kò kàwé púpọ̀ kéré jù nínú àwọn tí wọ́n bi; bẹ́ẹ̀ nínú irú wọn ni Truman ti lágbára. Èkejì, wọ́n tètè dáwọ́ ìbéèrè dúró, kò sì jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó pinnu láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn, tí púpọ̀ nínú wọn sì ṣe ti Truman. Ẹ̀kẹta, wọn kò fi ọgbọ́n tí ó tó bójú tó àwọn tí ó wí pé àwọn kò tíì mọ ẹni tí àwọn yóò dìbò fún.

Ẹ kíyè sí i pé àṣìṣe Gallup ní 1948 kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ti 1936 lọ. Nínú ọdún méjèèjì, nǹkan bí 5 nínú 100 ni ó fi dín ti ẹni tí ó wọlé kù. Ní 1936 àṣìṣe náà bọ́ sí abẹ́ ìṣẹ́gun, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ní 1948 ó bọ́ sí gbangba. Ẹni tí ó ń wo ìgbẹ̀yìn nìkan, tí kò yẹ ọ̀nà wò, kì í mọ ìgbà tí oríire rẹ̀ yóò tán. Nínú ọdún méjèèjì pẹ̀lú, àwọn tí wọ́n fo ilé wọn kọjá ni wọ́n wá fi ìbò wọn sọ̀rọ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950, Gallup yí ọ̀nà rẹ̀ padà: wọ́n ń fi kèké yan àdúgbò tí wọn yóò lọ, wọ́n sì ń béèrè títí ọjọ́ ìdìbò fi sún mọ́lé. Ìmọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ.

ÀWỌN OBÌNRIN DECATUR

Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nìkan ni ó ń kọ́ oníṣòwò. Oníṣòwò náà ń ṣí ilẹ̀kùn tí ọ̀mọ̀wé kò lè dá ṣí. Paul Lazarsfeld, tí a bí ní Vienna ní 1901, mọ èyí dáradára. Ní 1931 ó dá ilé iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ ní ìlú náà tí ó ń ṣe ìwádìí ọjà fún àwọn ilé iṣẹ́, tí àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé sì ti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1933, ó sì wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia ní New York.

Ní 1945, ilé iṣẹ́ Macfadden, tí ń tẹ ìwé ìròyìn tí àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ń kà, san owó fún un láti ṣe ìwádìí ní ìlú Decatur, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn obìnrin tí kò lówó púpọ̀ pẹ̀lú ní àwọn tí ń darí ìmọ̀ràn láàárín ara wọn, kí ó lè fi í fa àwọn olùpolówó ọjà mọ́ra. Ohun tí Lazarsfeld fẹ́ mọ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó fẹ́ mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láti inú ìwé àti rédíò dé ọkàn ènìyàn.

Wọ́n bi nǹkan bí 800 obìnrin nípa oúnjẹ àti ohun èlò ilé tí wọ́n ń rà, nípa aṣọ àti irun, nípa sinimá, àti nípa ọ̀rọ̀ ìlú. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn pé, ta ni ó gbà yín nímọ̀ràn? Lẹ́yìn náà wọ́n lọ bá àwọn tí wọ́n dárúkọ. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu aládùúgbò àti ẹbí lágbára ju ìpolówó ọjà lọ nínú púpọ̀ nínú ohun tí àwọn obìnrin náà ń rà. Wọ́n rí i pé nípa oúnjẹ àti ohun èlò ilé, abiyamọ tí ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn yòókù ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Nípa aṣọ àti sinimá, àwọn omidan ni. Ìmọ̀ràn kò ti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ ṣàn wálẹ̀. Láàárín ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà ni ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀.

Ọjà tí oníṣòwò ń wá ni ó rí, ìmọ̀ tí ọ̀mọ̀wé ń wá ni òun náà rí. Ṣùgbọ́n ọdún 1955 ni ìwé náà tó jáde, tí Elihu Katz àti Lazarsfeld jọ kọ. Ọdún mẹ́wàá pọ̀ lójú oníṣòwò. Ìnira tí ó wà nínú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn: ọ̀kan ń kánjú, èkejì ń rọra. Ẹni tí ó sì sanwó lè fẹ́ kí èsì dùn mọ́ òun nínú. Nítorí náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ó yẹ kí wọ́n ti ṣe àdéhùn nípa ohun tí wọn yóò tẹ̀ jáde àti ìgbà tí wọn yóò tẹ̀ ẹ́.

NÍ OKO KÒKÓ

Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ti dé ilẹ̀ Yorùbá náà. Ní 1951 sí 1952, wọ́n ṣe ìwádìí láàárín àwọn ìdílé àgbẹ̀ kòkó fún Bọ́ọ̀dù tí ń ra kòkó ní Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, R. Galletti, K. D. S. Baldwin àti I. O. Dina, kọ àbọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tí ó jáde ní 1956. Wọ́n wádìí ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń dá, owó tí ó ń wọlé fún wọn, ohun tí wọ́n ń ná an lé, àti gbèsè tí wọ́n ń jẹ. Bọ́ọ̀dù nílò rẹ̀ nítorí iṣẹ́ òwò rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò títí di òní nítorí ohun tí ó sọ nípa ìgbésí ayé àwọn ìdílé náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu àgbẹ̀ ni ó di ìmọ̀ fún àwọn méjèèjì.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ó YẸ KÍ A MÁA BÉÈRÈ

Lóde òní, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í dúró de káàdì mọ́. Wọ́n ń kó ìròyìn jọ láti inú fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, nípa ohun tí ènìyàn rà àti ohun tí ó wò. Iye rẹ̀ pọ̀ ju ti Literary Digest lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ẹni tí kò ní fóònù tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí abúlé rẹ̀ kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wà ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò ní tẹlifóònù ní 1936. Ọ̀mọ̀wé ni ó yẹ kí ó máa rán oníṣòwò létí èyí. Oníṣòwò ni ó sì yẹ kí ó máa pèsè owó ọ̀nà láti dé ọ̀dọ̀ ẹni náà.

Ará ìlú pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ pé iye báyìí nínú 100 fẹ́ èyí tàbí kò fẹ́ tọ̀hún, ẹ béèrè ohun mẹ́fà. Ta ni ó béèrè? Ta ni ó sanwó? Àwọn wo ni wọ́n bi? Báwo ni wọ́n ṣe yàn wọ́n? Irú ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n fi bi wọ́n? Nígbà wo ni? Bí kò bá sí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrin, ìyókù kò lè dúró. Bí olùwádìí bá sì wọ abúlé, tí ó jókòó sí ilé tí ó wà ní ẹ̀bá títì nìkan, kí ẹnìkan fi ọ̀nà tí ó lọ sí oko hàn án. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè; ọgbọ́n ẹni tí ń gbé ní òpin ọ̀nà wà lára rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ILÉ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ìdí tí 3,000 káàdì fi tó fún Gallup láti mọ ohun tí mílíọ̀nù 10 káàdì yóò sọ?

2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín yíyàn tí olùbéèrè fi ìfẹ́ inú rẹ̀ ṣe àti yíyàn tí a fi kèké ṣe? Èwo ni ó gba owó jù, kí sì ni ìdí rẹ̀?

3. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará abúlé yín ń fẹ́ rà lọ́jà, àwọn wo ni a lè fò láìmọ̀? Báwo ni a ó ṣe yàn kí a má baà fò wọ́n?

4. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ohun tuntun, ọ̀rọ̀ ta ni ẹ ń gbọ́ jù: ti rédíò, ti ẹni tí ń tà á, tàbí ti aládùúgbò yín?